Eyín Inú Fọ́tò

Ariwo máṣíìnì ìránṣọ ni mo fi ń mọ̀ pé ìyàwó mi wà nílé nígbà náà. Tí mo bá ti ń bọ̀ láti Àpápá, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀, màá ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo bá a níbi tó jókòó sí, aṣọ oníbàárà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi tó máa ń pè ní Bọ̀dá mi, ó gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ wá rí?" Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu mi. Oorun ò kun ìyàwó mi mọ́. Ó ń pariwo, gìrì ń mú un, nígbà tó yá kò sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, àfi ẹnu rẹ̀ tó ń mì bíi pé ó ń jẹun. Àwọn ará ilé ń kó ọmọ wọn wọlé tí wọ́n bá rí wa. "Dis one don pass hospital o," ni ìyá onílé wa wí.

Síbẹ̀ a gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní kí a lọ ya fọ́tò orí rẹ̀. Iṣẹ́ ajẹ́ǹtì ni mò ń ṣe, àwa tí ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù, mo sì gba ẹ̀rọ tó ń ya inú kọ̀ǹtẹ́nà gbọ́ ju bí mo ṣe gba ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹ̀rọ bá ti sọ pé ẹrù mọ́, ó di kí ọkọ̀ máa lọ. Nígbà tí wọ́n sọ pé orí ìyàwó mi mọ́, èmi ọlọ́gbọ́n ayé bá ń gbé fọ́tò náà káàkiri ilé, mò ń dúpẹ́. Ìyá mi ló dá mi lóhùn.

"Bí orí ẹ̀ bá mọ́, tí kò sì mọ ọkọ ẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lọ́wọ́ oníṣègùn òyìnbó."

Ẹbí dá a pé kí a gbé e lọ sí ilé àdúrà kan ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń de irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo sunkún. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún tèmi ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan.

Dókítà obìnrin kan tí kò ju ẹgbẹ́ àbúrò mi lọ ló bẹ̀ wá pé kí a dúró, kí wọ́n ya fọ́tò ikùn rẹ̀.

"Ikùn kẹ̀? Orí ló ń dà á láàmú," ni mo wí.

"Ẹ ṣáà jẹ́ ká wò ó, sà."

Nínú fọ́tò tí wọ́n yà, kókó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ, níbi tí ẹyin obìnrin ń gbé. Nínú kókó ọ̀hún, nǹkan funfun kékeré kan ń dán. Dókítà ní eyín ni. Ó ní ẹyin tó yẹ kó di ọmọ ló ṣìnà, tó hu irun, tó hu eyín. Ara ìyàwó mi ń bá a jà, ìjà náà sì ti dé ọpọlọ, bí fọ́tò orí ò tiẹ̀ fi í hàn. Ó ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kí wọ́n yọ ọ́ kíákíá.

Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Eyín? Nínú ikùn? Ẹ ò wá rí i pé ayé ni. Ẹ gbé e jáde fún mi."

Fọ́tò tó yẹ kó gbà á là fẹ́ pa á. Àwọn ẹbí ti ń di ẹrù rẹ̀. Wọ́ọ̀fù nìkan ló wá sí mi lọ́kàn.

"Màámi, ẹ dákun. Bí ẹ̀rọ bá fi nǹkan hàn nínú kọ̀ǹtẹ́nà, a kì í kọ́kọ́ wá ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ṣíṣí là ń ṣí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ayé ni, ẹ ó wá fi àdúrà lé èyí tó kù."

Ìyá mi ní, "Tó bá wá kú ńkọ́?"

Mo gba bírò lọ́wọ́ dókítà. Mo fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ náà.

Kò kú. Ṣùgbọ́n kò dìde bí mo ṣe ń retí. Oṣù ń gorí oṣù, mò ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ fún ẹni tí kò mọ̀ mí, mò ń rò ó pé bóyá èmi ni mo ba ayé rẹ̀ jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ojú sókè nídìí ẹ̀kọ náà, ó ní, "Bọ̀dá mi, ó ti tutù." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Títí dòní, kò rántí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún un, á máa gbọ́ ọ bí ìtàn ìyàwó ẹlòmíràn. Ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ bí òwú bá já, tí máṣíìnì dákẹ́, èmi á pè é láti inú yàrá. Á dáhùn. Màá tún pè é.

"Bọ̀dá mi, òwú ló já," á wí. "Mo wà ńbí."