Àmì Méjì Lórí Àyà

Ayàwòrán ni olóògbé ọkọ mi. Kì í ṣe irú èyí tó ń ya ọba lórí ìtẹ́ tàbí omidan tó gbé ìkòkò o. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ máa ń pè é ní sọriálíìsì, ìyẹn ẹni tó ń ya ohun tí èèyàn kì í rí àfi lójú àlá: ẹja tó wọ bàtà, ilé tó ń sunkún. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ jìn. Èmi tí mo bá a gbé ní Gwarinpa títí ó fi kú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dé ọkàn. Etí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Kaduna ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Yorùbá tó ń sọ kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Èmi ní tèmi, Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, òun ni mo sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí iṣẹ́ ìjọba tó gbé mi wá sí Àbújá. Ẹ fojú inú wo irú ilé tí a ní. Tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ̀wà, á ní òun fẹ́ jẹ ẹwà. Màá ní, "Tètè jẹ ẹ́, nítorí èyí tó wà lójú mi ti ń tán." Ọdún kan náà la wọ yunifásítì, n kò sì pè é ní "ẹ̀yin" rí. Ìyá rẹ̀ bá mi ṣọ̀tá lórí rẹ̀ títí tí wọ́n fi kú. Òun fúnra rẹ̀ kò bínú. Tíṣà ló ń pè mí.

A ní oko kékeré kan ní Abaji nígbà náà. Ní Sátidé kan, a ti délé kí n tó rántí ohun tí mo fi sílẹ̀. Mo pariwo pé, "Yéè! Mo gbàgbé ọkọ́ sóko."

Ó wò mí tìyanutìyanu. "Kai, Tíṣà! Èmi nìyí. O ò gbàgbé mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò pẹ́ tó fi ya á: ọkùnrin kan nínú kóòtù àti táì, tí wọ́n gbìn sínú ebè dé igbá àyà, tí ewé iṣu ń hù létí rẹ̀, tó ń wo ojú títì bóyá ìyàwó òun á padà wá mú òun. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé "Mo gbagbe oko soko," láìfi àmì kankan sí i. Ọ̀mọ̀wé kan kọ àlàyé gígùn pé bí obìnrin òde òní ṣe ń pa ọkọ tì ni àwòrán náà ń sọ. Ọkọ́ tí mo gbàgbé ti dípẹtà tán kí n tó padà rí i.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ gbogbo àkọlé rẹ̀, láìní àmì ohùn. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í níbi ìpàtẹ kan pé kí ló dé, ó ní òun fẹ́ kí kálukú fi ohùn ara rẹ̀ ka iṣẹ́ òun. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, kí wọ́n má baà ní mò ń jowú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ́ kọ́ ló ba orúkọ mi jẹ́.

Nígbà tí ẹ̀rù bá ba Yorùbá lójijì, ohun tí yóò sọ ni pé, "Àyà mi já." Ọkọ mi kò lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Aya mi já" ló máa ń sọ, bí ẹni pé bọ́tìnnì ni mí lára ẹ̀wù rẹ̀. Tí àwo bá fọ́, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá bú ramúramù: "Kai! Aya mi já!" Màá dá a lóhùn láti ilé ìdáná pé, "Mo wà níbí. N kò já síbì kankan." A fi èyí ṣe àwàdà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn kọ lù mí. Ìlọrin ni mo ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì wà títí tí mo fi lè rìn dáadáa. Mo kìlọ̀ fún ọkọ mi pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ ìjọ wa. Tí o bá sọ ibi tó ń dùn ọ́ fún wọn, gbohùngbohùn ni wọn yóò fi gbàdúrà sí i.

Nígbà tí mo padà, àwòrán tuntun kan ti wà lára ògiri níbi ìpàtẹ rẹ̀. Ọkùnrin kan ni, tí igbá àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti inú rẹ̀, okùn náà sì ti já. Níwájú rẹ̀, obìnrin kan wà lójú òfuurufú, ó kẹ̀yìn sí i. Awò ojú mi ló wà lójú rẹ̀. Gèlè mi ló wà lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "Aya mi ja."

Ìyá Ìjọ wa ti lọ wò ó. Wọn kò rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù mélòó kan, wọ́n rí gèlè mi lójú òfuurufú, ọ̀rọ̀ parí. Ní Sọ́ńdè tí mo kọ́kọ́ yọjú, Ìyá Ìjọ di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ẹ káàbọ̀, arábìnrin mi. Ọkùnrin ṣòro bá gbé, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà sílé."

"Ibo ni mo lọ, Mà?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. A ò ní bi yín."

Lóòótọ́, wọn kò bi mí. Wọ́n fi mí sínú àdúrà fún ilé tó ń dàrú. Wọ́n tún ń darí àwọn ìyàwó kéékèèké sọ́dọ̀ mi, kí n lè kọ́ wọn bí obìnrin ṣe ń kó ẹrù padà sílé ọkọ. Èmi tí n kò tíì sùn síta nítorí ìjà rí!

Mo sọ fún ọkọ mi pé, "Dìde, lọ sọ fún wọn pé àyà ni."

Ó ń fọ búrọ́ṣì lọ́wọ́. "Tíṣà, àwòrán kì í ṣàlàyé ara rẹ̀."

"Àwòrán kọ́ ni mo ní kó ṣàlàyé. Ìwọ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Àwòrán yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí, kò sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Èmi náà kò ní máa ti ojúlé dé ojúlé kí n máa ṣí ikùn han àwọn obìnrin ìjọ.

Láìpẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá sílé. Ó fẹ́ ṣe ìpàtẹ gbogbo iṣẹ́ ọkọ mi ní gbọ̀ngàn kan ní Wuye. Àbújá ni wọ́n bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó ti tẹ àwọn àkọlé náà sórí káàdì pélébé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa fi àmì sí wọn." Ó wá họrí. "Àmọ́ Dádì sọ pé àwọn ò fẹ́ àmì."

"Dádì kò mọ̀ ọ́n fi ni. Ìyẹn ló sọ di ìlànà."

Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mú bírọ̀. Mo fi àmì òkè lé ọkọ́ lórí, ọkọ mi sì jáde kúrò nínú ebè. Nígbà tí mo dé orí "Aya mi ja," ọmọ náà fọwọ́ lé káàdì.

"Mọ́mì, tẹ́ ẹ bá fi àmì sí èyí, ó parí nìyẹn. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, ìyàwó tó lọ ni. Òun ló sọ Dádì di Dádì."

"Èmi ńkọ́? Kí ló sọ mí dà?"

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Mo fi àmì ìsàlẹ̀ méjì lé e, ọ̀kan níbí, ọ̀kan níbẹ̀, mo fi àmì òkè sí ìparí, mo sì ní kó kà á. Ó ṣì í kà. Ó tún un kà. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ síbi tó yẹ.

"Ẹ̀rù ló bà wọ́n?"

"Àwọn dókítà fẹ́ la inú ìyàwó rẹ̀," mo ní. N kò tíì sọ ọ́ báyẹn fún ara mi rí.

Ní ọjọ́ ìpàtẹ, Ìyá Ìjọ wá, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ka káàdì. Bíbélì Yorùbá ni wọ́n ń kà lójoojúmọ́. Àmì kò lè tàn wọ́n jẹ.

"Àyà mi já." Wọ́n tún un kà. "Kí ló já a láyà?"

"Èmi ni, Mà. Iṣẹ́ abẹ ni mo lọ ṣe ní Ìlọrin."

"Ẹ̀ẹ́n? Arábìnrin mi! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ ní ẹ ò ní bi mí."

Wọ́n dákẹ́. Mo ti mọ Ìyá Ìjọ tipẹ́, n kò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ wọn rí. Ó dùn-ún gbọ́. Mo ní kí ọmọbìnrin náà gbé àga àti mínírà tútù wá fún wọn. Onígbàgbọ́ ni èmi náà.

Nígbà tí èrò dínkù, mo kọjú sí àwòrán náà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bínú sí i, awò ojú mi àti gèlè mi nìkan ni mo máa ń wò. N kò wo ẹsẹ̀ obìnrin yẹn rí. Okùn ti já lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò ṣubú. Atẹ́gùn kò fẹ́ ìró ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ lójú òfuurufú, bí ẹni tó dúró ní ilé ìdáná rẹ̀ tó ń ro ọbẹ̀. Ọkùnrin yìí ti gbọ́ èsì mi. Ó yà á síbẹ̀, kò sì sọ fún mi. Olóríkunkun.

"Mo wà níbí," mo sọ fún un jẹ́jẹ́. "N kò já síbì kankan. Ìwọ ni."