Àwọn Ọkọ Ìyàwó Mi ní Pápá Ìje Ọkọ̀

Eyín ni ìyàwó mi fi já òwú tó fi rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí a lò kẹ́yìn papọ̀. Ó na ṣẹ́ẹ̀tì náà sí mi, ó ní kí n yára, oòrùn ti ń mú. Al Khan ní Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà, ni à ń gbé nígbà náà, yàrá kan ṣoṣo lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, níbi tí òórùn ọ̀sà ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Pápá ìje ọkọ̀ là ń múra lọ.

Tíṣà ni mí nílé kí n tó tẹ̀ lé àwọn oníṣòwò tó ń wá rajà ní àdúgbò ọjà Deira dé Dubai, láàárín àwọn ọdún 1990. Mo rò pé ìwé tí mo kà yóò sọ mí di ọ̀gá kíákíá. Akọ̀wé ni mo dà, lọ́dọ̀ ọkùnrin ará Sharjah kan tó la pápá ìje ọkọ̀ sínú iyanrìn lẹ́yìn ìlú. Èmi ni mò ń já tíkẹ́ẹ̀tì, èmi náà ni mò ń kéde ẹni tó gba ipò kìíní, èmi ni mo sì ń fi aṣọ bo ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí afẹ́fẹ́ bá gbé iyanrìn dé. Ọ̀gá yìí ló ṣe físà fún èmi àti ìyàwó mi. Dókítà kan sì wà ní Dubai tó ń tọ́jú ọkàn ìyàwó mi, tí kò ṣe dáadáa láti ìgbà èwe rẹ̀ wá. Bí pápá bá kú, físà kú, àwa àti dókítà náà sì pínyà nìyẹn. Àwa méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sọ ọ́ jáde.

Ọdún tí a kọ́kọ́ débẹ̀, èrò kì í gba orí ìjókòó tán. Àwọn mẹkáníìkì, àwọn wẹ́dà àti àwọn awakọ̀ akóyanrìn ni, ará Pakistan, ará India, ará Sudan, tí wọ́n ń ti ibùgbé òṣìṣẹ́ ní Al Qusais wá lọ́jọ́ ìsinmi wọn kan ṣoṣo. Ìyàwó mi a máa pín omi tútù fún wọn. Másítà ni àwọn ará Pakistan ń pè mí, Bábí ni wọ́n ń pè é, èmi ọ̀mọ̀wé sì fi ìgbéraga túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń pè mí?" ló bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ti parí nìyẹn. Ọkọ mi ni gbogbo wọn. Èmi ò sì lè pe ọkọ mi lórúkọ o, Tíṣà. Ilé tó dára ni wọ́n ti tọ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn wọ̀nyí kì í ṣe Yorùbá. Bí ìyàwó ilé ṣe ń sọ àwọn àna rẹ̀ lórúkọ mìíràn ló ṣe sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dúdú tó ń dán di Adúmáadán. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ di Òpéléńgẹ́. Bàbá kan tó ń fi làálì kun irùngbọ̀n rẹ̀ di Irùngbọ̀n-Osùn. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ ẹ. Bó bá ké "Òpéléńgẹ́, ọkọ mi!" láti ìsàlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà á na ọwọ́ sókè, gbogbo ìjókòó á sì bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo ní àlàyé tó pọ̀: mo ní àwo sátẹ́láìtì ti kún orí ilé, wọ́n ń wo ìje òkè òkun lórí tẹlifíṣọ̀n, mo ní àwọn ilé ìtajà ńlá tó ní afẹ́fẹ́ tútù ti gbà wọ́n lọ. Ìyàwó mi kò gbọ́ àlàyé mi. Àyè ẹni tí kò wá ló ń wò. "Ènìyàn laṣọ," á wí, "ìhòòhò ni pápá yìí ń lọ." Lọ́jọ́ kan ọ̀gá wa dúró níwájú ìjókòó òfìfo, ó ní bó bá rí báyìí dé ìparí oṣù, khalas, ó parí nìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni ìyàwó mi mú mi lọ sí Al Qusais, pé ká lọ pe àwọn ọkọ òun padà. Ọlọ́dẹ dá wa dúró lẹ́nu géètì.

"Ta lẹ̀ ń wá?"

"Adúmáadán," ni ìyàwó mi dáhùn.

"Ta?"

"Ó dúdú, ó ń dán."

"Màdáámù, inú oòrùn ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́. Kí lorúkọ ẹ̀? Iléeṣẹ́ wo?"

Mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. "Òmíràn wà, tó ní irùngbọ̀n pupa."

"Yalla, ẹ máa lọ."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sẹ́bàá títì, tó di àyà mú. Nígbà tí ẹ̀rín tán lójú rẹ̀, ó ní: "Tíṣà, a ò mọ orúkọ ẹnì kankan."

Lọ́jọ́ Ẹtì tí mò ń wí yìí, ó ti pinnu. Nínú ọkọ̀ ló ti sọ fún mi pé òun yóò ṣẹ̀ sí àṣà, òun yóò bi gbogbo ẹni tó bá wá ní orúkọ àti iléeṣẹ́ rẹ̀, kí a lè máa wá wọn kiri. Àwọn tó wá kò tó nǹkan. Mo rí i tó ń gun ìjókòó lọ pẹ̀lú omi lọ́wọ́, tó ń kí wọn kú ìjókòó, tó sì jókòó ti Òpéléńgẹ́. Ìje bẹ̀rẹ̀, eruku bo gbogbo wa. Mo rò pé ìje ló ń wò. Nígbà tí ariwo ọkọ̀ rọlẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn Òpéléńgẹ́: "Másítà! Másítà! Bábí!" Ẹ̀mí ti bọ́ lára ìyàwó mi kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

A sin ín sí Sharjah. Pápá sì kú ní ìparí oṣù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ti wí.

Ọdún ti gorí ọdún. Mo ti padà sílé, mo ti di arúgbó tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún nítorí ìwé. Àwọn èèyàn a máa bi mí ohun tí mo kọ́kọ́ dá ṣe lẹ́yìn rẹ̀; wọ́n ń retí kí n sọ pé mo se ọbẹ̀, tàbí pé mo fọ aṣọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ìsìnkú, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Al Qusais, mo dúró síwájú mọ́ṣáláṣí níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jáde láti Jímọ̀, mo sì ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wọn. Irùngbọ̀n pupa ni mo kọ́kọ́ rí.

"Másítà," ó ní, "ẹ má bínú. Wọ́n ti gba ọjọ́ Ẹtì lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn àdúrà, iṣẹ́. Bábí ńkọ́?"

Mo sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀, bọ́ọ̀sì iṣẹ́ sì ń fọn fèrè pè é.

Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?"

Ó sọ ọ́. Mo pè é, n kò pè é dáadáa. Ó tún un sọ. Mo tún un pè.