Ìwé Ìsìnkú Baba Lamduan

Ẹ má sọ fún Lamduan pé kó ṣe sùúrù. Ó ti pẹ́ tó ti ń to ọ̀rọ̀ ìwé ìsìnkú nílé ìtẹ̀wé kan ní Pak Nam Pho, lórílẹ̀-èdè Thailand, ìwé tí wọ́n ń pín fún gbogbo ẹni tó bá wá síbi tí wọ́n ti ń sun òkú. Ìtàn baba oníbaba ló ń tò. Ti baba tirẹ̀ nìkan ni kò rí ṣe, inú sì ń bí i títí dòní.

Ọkọ̀ ojú omi ni Bunluea, baba rẹ̀, fi ń kó èèyàn sọdá odò títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Lásìkò òjò tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ó máa ń jókòó ti ọmọ rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé, á máa sọ ìtàn ara rẹ̀: omíyalé tó gbé ilé wọn lọ, bó ṣe fi ọkọ̀ gbé ìyá Lamduan sá kí àwọn àna rẹ̀ tó jí. Lamduan ń tẹ̀ ẹ́ sínú díìsìkì, kò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ta ni yóò tẹ ìwé ìsìnkú ẹni tó ṣì ń jẹ ìrẹsì? Ó dà bí ẹni ń pe ikú wálé.

Nígbà náà ni Wirat tó ń ta kọ̀ǹpútà gbé ẹ̀rọ àtijọ́ lọ, tó gbé tuntun ti ilé-iṣẹ́ mìíràn wá.

"Ṣé yóò ka àwọn díìsìkì mi?" Lamduan bi í.

"Àǹtí mi, ṣebí Thai kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre."

Baba kú. Lamduan ki díìsìkì bọ ẹ̀rọ tuntun, wúruwùru ló sì jáde, àmì ohùn láìsí lẹ́tà lábẹ́ rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Wirat.

"Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, Àǹtí. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tó wù ú. Àwọn tó ṣe ti àtijọ́ yẹn ti kógbá wọlé, kò sẹ́ni tó mọ tiwọn mọ́."

"Ẹ̀rọ mi dà?"

"A ti tú u tà."

"O mọ èyí nígbà tó o ní kí n fọkàn balẹ̀?"

"Gbogbo àwa tá à ń tà á la mọ̀. Ẹ kọ òmíràn, ṣebí ìtàn bàbá yín ni."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ti wà nínú pósí, ìwọ aláìnítìjú yìí."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rírùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù ní Bangkok, kálukú ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì léèrè. Nígbà tí ìjọba fi máa ní kí gbogbo wọn lo nọ́ńbà kan náà, Bunluea ti di eérú.

Lamduan kò kọ òmíràn. Wúruwùru yẹn gan-an ló tẹ̀, ó fi àwòrán baba rẹ̀ sí èèpo ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sun òkú, Wirat náà wá, ó fi òdòdó lélẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé tirẹ̀. Lamduan dúró síwájú rẹ̀ nínú aṣọ dúdú.

"Bùrọ̀dá Wirat, ẹ ka ojú ewé kan fún wa."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níwájú àwọn mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà."

"Ṣebí Thai kan náà ni gbogbo ẹ̀."

Wirat ṣí ìwé, ó tún ṣí ewé mìíràn. Àwọn arúgbó tí Bunluea ti gbé sọdá odò rí sún mọ́ ọn, wọ́n fẹ́ gbọ́ ìtàn ọ̀rẹ́ wọn. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun òkú ti ń yọ lókè. Wirat ka orúkọ baba tó wà lára èèpo, ó tún un kà.

"À ń gbọ́," Lamduan wí.