Òkú Orí Ìtàgé

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kíláàsì mọ olùkọ́ tó dára. Bí ọ̀gá ilé ìwé bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí kò gbọ́ ohùn kankan bí kò ṣe ti ẹni tó ń kàwé sókè, á mi orí, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Inú irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, irú ìtọ́ni bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún fún ọmọ ọlọ́mọ. Èdè Yorùbá àti lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí a bá dé orí eré onítàn àtijọ́, èmi a ka ti ọba, ẹni tó jókòó níwájú a ka ti ìjòyè, ẹni tó tẹ̀ lé e a ka ti ẹ̀ṣọ́. Báyìí ni a ó ṣe la ogun, ìyàn àti ikú kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ìdí kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Mo gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. N kò tíì rí ẹni tó mọ àmì ohùn sí orí ọ̀rọ̀ jù mí lọ ní gbogbo Òkè-Ògùn nígbà náà, n kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ku díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní Ìsẹ́yìn lọ sí Ìwéré-Ilé. Kí n tó lọ, wọ́n pe àwa olùkọ́ èdè jọ sí Ṣakí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo lè bí ní kí gbogbo wa bọ́ sí àárín gbọ̀ngán, kí a di igi. Mo bi í pé irú igi wo. Ó ní, “Èyí tó bá wù yín, Màmá.” Mo di igi irúgbá, mo na apá mi méjèèjì, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni tí mo ti kọ́ rí má gba iwájú gbọ̀ngán náà kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ lẹ́yìn náà wọ̀ mí létí ju bí mo ti fẹ́ lọ. Ó ní eré tí a kà tí a kò fi ara ṣe, ọbẹ̀ tí a pe orúkọ èròjà rẹ̀ tí a kò sè ni.

Eré tí a ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá lọ́dún náà dá lórí ọba kan tó ti àká ọkà pa nígbà ìyàn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ́ lọ ṣí i fún àwọn tí ebi ń pa, ọfà ẹ̀ṣọ́ sì bá a níbẹ̀. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sílé, olorì tó bí i sunkún, eré sì parí. Mo ṣe bí wọ́n ti kọ́ wa ní Ṣakí. Mo gbé àga kan síwájú kíláàsì, mo ní ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ti di ẹni inú eré, kí àwọn yòókù máa bi í ní ìbéèrè.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ju “Mo wà níbí, Mà” lọ. Òun ni mo ní kó jókòó gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ọba, nítorí mo rò pé kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọmọkùnrin aláwàdà tó ń ṣe ìjòyè bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ́kọ́ bẹ bàbá rẹ̀ kó tó lọ ṣí àká. Ọmọbìnrin náà wò ó títí. “Mo bẹ̀ wọ́n,” ó ní. “Ẹ̀yin ìjòyè lẹ ò gbọ́. Oúnjẹ ló kún ẹnu yín.” Kíláàsì hó yèè. Mo yẹ ìwé wò; kò sí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí bí mo ṣe lè pè é ní àṣìṣe. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ọmọ-ọba wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè nínú iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú.

Ibi ẹkún ló ti di wàhálà. Ẹni tó kọ ìwé kò fún olorì ju ìlà díẹ̀ lọ láti fi sun ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ní ẹnikẹ́ni kì í sunkún báyìí ní ìlú àwọn, pé ẹkún tí kò ní oríkì, ẹkún àlejò ni. Mo ní kí wọ́n lọ wá oríkì. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n ti rí i fún mi. Oríkì ọmọbìnrin náà gan-an ni wọ́n mú lò, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń kí i láràárọ̀, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe olorì ti há a sórí.

Ọjọ́ ọjà ni a fi dánra wò. Ọjà kò jìnnà; igi kaṣú díẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀ àti ilé ìwé. A tẹ́ ẹní, ọmọbìnrin náà sùn, a fi aṣọ funfun bò ó, àwọn yòókù sì ké. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, inú mi ń dùn pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ṣakí kò ṣòfò. Kò pẹ́ tí mo rí ìyá àgbà kan tó ń bọ̀, tó ti so gèlè mọ́ ìdí. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ọjà ń ya wọlé, wọ́n ń ké bọ̀. Wọ́n ti gbọ́ ẹkún, wọ́n ti gbọ́ oríkì, wọ́n sì mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Ìyá ọmọ náà wà lára wọn. Gbágùúdá ló wá tà. Nígbà tó dé ẹnu géètì, wọ́n dì í mú. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní ilẹ̀ wa mọ ìdí rẹ̀: òbí kì í fojú kan òkú ọmọ rẹ̀. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ jẹ́ kí n rí i,” wọ́n ń fà á sẹ́yìn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ rí i. Mo ń pariwo pé eré ni, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́? Ọmọ náà gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó dìde tòun taṣọ funfun, ó sì ń rìn lọ sí géètì. Àwọn tó di ìyá rẹ̀ mú tú ká. Àwọn kan fi bàtà sílẹ̀. Ìyá náà nìkan ni kò sá. Ó fọwọ́ kan ojú ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó bọ́ aṣọ náà kúrò lára rẹ̀, ó sì fà á lọ sílé.

Ọmọbìnrin náà kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Ẹnìkan mú iṣẹ́ wá pé ìyá rẹ̀ ní ilé ìwé ti tó, kó máa bá òun lọ sí oko kaṣú. Ìdánwò àṣekágbá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ ránṣẹ́ pe ìyá náà; mo ní èmi ni n ó lọ. Láyé tiwa, òbí ló ń wá bá olùkọ́. Mo wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú aṣọ mi, mo gun ọ̀kadà, eruku sì sọ aṣọ náà di pupa kí n tó débẹ̀.

Mo bá a níbi tó ti ń bó gbágùúdá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àpótí fún mi, kò sì dá ọ̀bẹ dúró. Mo ṣàlàyé fún un pé eré lásán ni, pé ọmọ rẹ̀ ní ọgbọ́n, pé kò yẹ kó pàdánù ìdánwò nítorí aṣọ funfun kan. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

“Màmá tíṣà,” ó ní, “ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sùn bẹ́ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n rí i. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá tí mo bá pè é, ì bá dìde. Èyí tí mo pè dìde. Ṣé kí n tún gbé e fún yín?”

Mo bi í bóyá ó lè jẹ́ kí ọmọ náà padà tí ẹlòmíràn bá sùn dípò rẹ̀. Ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ọmọ ta ni?”

Ó ní ìgbà tí òun bá mọ ọmọ ẹni tó máa sùn síbẹ̀ ni òun yóò tó dáhùn.

Mo gbé ìbéèrè náà lọ sí kíláàsì. Àwọn ìyá ti ránṣẹ́ ṣáájú mi: ọmọ àwọn kò ní kú ikú eré. Mo wo àwọn ọmọkùnrin. Àwọn náà wolẹ̀. Aláwàdà wọn ní kí a di àpò gbágùúdá, kí a fi aṣọ bò ó. Mo bi í bóyá òun lè sunkún fún àpò gbágùúdá, ó ní tó bá jẹ́ lásìkò ìyàn, òun lè sun ún dáadáa. Mo jẹ́ kí ẹ̀rín wọn rọlẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí èwe bá ń sun àgbà, ayé kò yí. Mo ní èmi ni n ó sùn.

“Màmá,” aláwàdà náà ní, “ọmọ-ọba wa mà ti dàgbà o.”

Mo ní aṣọ ni yóò bò mí, kí ó sá mójú tó ipa tirẹ̀.

Ìyá náà gbọ́. Ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ padà wá títí di ọjọ́ eré, láti ṣe olorì, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rù ẹkún. Ó ní òun yóò wá fojú ara òun rí i. Bí òun bá rí ohun tí òun kò fẹ́, oko kaṣú ti wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo sùn sórí ẹní lójú ọ̀gá ilé ìwé, àwọn ìjòyè ìlú àti òbí. Èèrà wà lórí ẹní náà. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ ẹkún olorì. Ó já ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú ìlà kejì, ẹnu mi sì ń yún mi lábẹ́ aṣọ láti tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìwé sílẹ̀ pátápátá. Àwọn ìjòyè inú eré dì í mú bí ìwé ti wí, ó sì ń sọ fún wọn pé, “Ẹ jẹ́ kí n rí i. Ẹ jẹ́ kí n pè é.” Ohun kan ṣoṣo ni ó ń sọ.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tí kì í ṣe ti ọmọ ilé ìwé. Ẹnìkan ṣí aṣọ kúrò lójú mi, oòrùn wọlé. Ìyá ọmọ náà ló bẹ̀rẹ̀ sórí mi.

“Ẹ dìde, Màmá,” ó ní. “Ẹ̀yin náà lọ́mọ nílé.”

Mo dìde, bí orúnkún mi ti gbà mí láyè mọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí. Wọ́n rò pé bí eré ṣe rí nìyẹn. Ọ̀gá ilé ìwé bi mí lẹ́yìn náà pé ojú ìwé wo ló wà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, àkọ́bí mi ti pè mí láti Ìbàdàn. Ẹnìkan ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí i, ó sì fẹ́ gbọ́ láti ẹnu mi pé n kò kú. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin náà wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ṣe ìdánwò náà, ó sì yege. N kò ṣe ju kí n kọ́ ọ lọ. Ìyá rẹ̀ ló jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ìsẹ́yìn ni mo wà báyìí, níbi tí àwọn olùkọ́ kékeré ti máa ń wá bi mí bí a ṣe ń kọ́ eré onítàn. Ọ̀kan nínú wọn ti Ìwéré-Ilé wá láìpẹ́ yìí. Ó ní wọ́n ṣì ń ṣe eré náà níbẹ̀, pé àgbà ló máa ń sùn sórí ẹní, àti pé bí ẹkún bá dé ojú ẹ̀, ìyá kan nínú àwọn òǹwòran a dìde, a lọ ṣí aṣọ. Ó béèrè bóyá ibẹ̀ já bọ́ nínú ẹ̀dà ìwé tòun. Mo sọ fún un pé nínú ìwé, wọ́n sin ọmọ-ọba. Ó ní kí ni kí òun wá kọ́ àwọn ọmọ. Mo ní kó kọ́ wọn ní ohun tó wà nínú ìwé fún ìdánwò. Ti orí ẹní, kó fi í sílẹ̀ fún àwọn ìyá.