Kànga Karùn-ún Ará Tasúrà

Ẹsẹ̀ Bàbá Hámídù ti jẹrà dé orúnkún kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Dókítà ní bí àwọn kò bá gé e kí ilẹ̀ tó ṣú, baba ń lọ nìyẹn. Àìsàn àti ogbó sì ti gbá Twi, èdè ìlú tí a wà, àti Hausa kúrò lẹ́nu baba, ó ku èdè ìyá rẹ̀ nìkan.

Tasúrà ni èdè náà. Nígbà tí ìjọba Tasúrà ṣì wà nínú aṣálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ra iyọ̀ tàbí ta obì tí kò gbọ́ ọ. Èmi ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Fante New Town nílẹ̀ obì níbí, òwò obì ló sọ mí di ògbufọ̀ wọn. Ìjọba ti tú tipẹ́, àwọn ọmọ wọn ń sọ Twi, iṣẹ́ mi náà sì gbẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ni n kò ti fẹnu kan èdè yẹn.

Mo dé ilé ìwòsàn ní Bantama. Àwọn ọmọ baba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń fi Twi sunkún. Kò sí èyí tó lè bá baba wọn sọ̀rọ̀.

"Àlájì, ẹ yára," ni dókítà wí. "Ẹ ní kó tẹ̀ka síwèé."

Èmi àgbà òṣì, mo yára lóòótọ́! Mo já lu ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Baba wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó kọjú sí ògiri.

Yéè! Mo ti bà á jẹ́. Ará Tasúrà kì í bá àlejò sọ ọ̀rọ̀ gidi títí àlejò yóò fi ka orúkọ kànga méje tí àwọn baba wọn mu omi rẹ̀ láti aṣálẹ̀ dé ilẹ̀ obì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, olè ni lójú wọn. Ìfọ́tí ni ọ̀gá tí mo bá ta obì fi kọ́ mi ní èyí, mo sì tún gbàgbé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka mẹ́rin. Ìkarùn-ún kọ̀, kò wá. Nọ́ọ̀sì ń wo aago. Ó ṣe mí bíi kí n hùmọ̀ orúkọ kan, ṣùgbọ́n ta ni n ó purọ́ fún? Ojú tì mí gan-an. Mo fi èdè rẹ̀ sọ pé, "Bàbá, mo ti ṣìnà. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Baba yíjú padà. Nínú aṣálẹ̀, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ̀tá ẹni pàápàá, dandan ni kí a fún un lómi.

"Tinúzà," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kànga karùn-ún nìyẹn.

Mo ka méjì tó kù. Ó ní, "Ó dáa. Kí ni wọ́n rán ọ?" Mo sọ ọ́, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀.

Baba wo ẹsẹ̀ náà. "Kí wọ́n gé e. Ṣé n ó tún fẹsẹ̀ rìn dé aṣálẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi. Ó tẹ̀ka.

Bí wọ́n ti ń tì í lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Èmi rí ọ pè. Tó bá kan ìwọ ńkọ́?"

"Mo bímọ, Bàbá."

"Èmi náà bí mẹ́rin."

Mo jókòó lóde títí nọ́ọ̀sì fi wá sọ pé baba ti jí. Alihamdulilahi! Kíá ni mo pe Ràmátù, ọmọ mi tó ń gbé ní Santasi, mo fi Yorùbá rò ó fún un láìsinmi. Ó fi Twi bẹ̀ mí pé kí n má bínú, kí n tún un sọ díẹ̀díẹ̀, òun kò gbọ́ Yorùbá tó yá bẹ́ẹ̀.

Mo tún un sọ, díẹ̀díẹ̀.