Ewé Tí Ìyá Ọkọ Mi So Mọ́ Ṣáwà

Mo rántí ìgbà tí ṣáwà jẹ́ ohun ìyangàn fún mi. Èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, a rí ilé yàrá àti pálọ̀ gbà ní Òkè-Àfá, ilé tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀ nínú. Inú ilé tí gbogbo ayálégbé ti máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kan ṣoṣo láàárọ̀ ni mo ti dàgbà, nítorí náà nígbà tí mo rí ṣáwà tó ń dán gbinrin lára ògiri, kíá ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù láti ròyìn rẹ̀. N kò sọ fún un pé ṣáwà náà kò tíì tu omi rí. Omi ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò la ń pọn sínú korobá, abọ́ ike la sì fi ń bù ú wẹ̀. Ṣáwà kàn wà lókè níbẹ̀ bí ọba tí kò ní ìlú.

Orí fóònù yẹn náà ni mo ti rí àwọn obìnrin òyìnbó tí wọ́n ń so ewé yukalíptọ́ọ̀sì mọ́ ṣáwà wọn, tí ooru omi gbígbóná á máa gbé òórùn rẹ̀ kiri inú ilé. Wọ́n ní ó ń la imú, ó sì ń fi ọkàn èèyàn balẹ̀. Mo wà nínú oyún, imú mi sì dí tọ̀sán-tòru, ni ewé náà bá wọ̀ mí lójú. Nígbà tí ọkọ mi sọ fún ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rín ni màmá ń rín. Igi náà ń bẹ lẹ́yìn ilé wọn. Ewé róòbù ni wọ́n ń pè é nítorí òórùn rẹ̀. Omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń wẹ ẹni tí òtútù bá mú, ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n sì ń há sójú fèrèsé nítorí ẹ̀fọn. Màmá ní àwọn á kó o dání tí àwọn bá ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Ìyá tèmi ti kú, ìyá ọkọ nìkan ló kù tó lè wá wẹ̀ mí bí mo bá bímọ, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti sọ fún mi bí ìyá ọkọ ṣe ń fi tówẹ̀lì inú omi gbígbóná tẹ ikùn ìyàwó títí yóò fi pe orúkọ gbogbo baba ńlá rẹ̀. Ewé ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ẹni tó ń gbé e bọ̀.

Ọmọ dé, ọmọkùnrin ni, kò sì ké. Mo dùbúlẹ̀ mo ń retí igbe yẹn, mo sì ń retí rẹ̀ nígbà tí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ti mọ̀ pé kò ní í wá. Nọ́ọ̀sì fi aṣọ wé e, ó gbé e hàn mí fìrí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Ohun tí mo rí kò ju ojú àti etí kan lọ. Nílẹ̀ wa, òbí kì í bá wọn dé ibi tí wọ́n ń sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwọn àgbà ìjọ ló gbé e lọ, wọn kò sì sọ ibẹ̀ fún èmi àti baba rẹ̀ títí dòní. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe dára. Kí n tó délé, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ ọmọ kúrò nínú yàrá.

Àwọn èèyàn wá kí wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Èmi náà ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún obìnrin míì rí, mo sì rò pé mo tù ú nínú. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo kórìíra ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mi kì í ṣe omi. Ọmú mi kún, ó ń ro mí, wàrà ń rin mí láṣọ, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n ń ṣe sí mi bí ẹni tí ibà ṣe, tí ara rẹ̀ sì ti ń yá. Wọn kì í dárúkọ ọmọ, nítorí kò lórúkọ, wọn kì í sì sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi ti pe ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́, nítorí kò sí ọmọ tí wọn yóò wẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì tí mo délé ni mo gbọ́ ohùn màmá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti wọkọ̀ dé Òṣòdì, wọ́n tún wọ òmíràn dé Òkè-Àfá, àpò ìrẹsì tó kún fún ewé wà lórí wọn. Òórùn ewé náà ló kọ́kọ́ wọlé kí àwọn fúnra wọn tó wọlé.

Ọkọ mi ní, "Màmá, mo ṣáà ti ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Màmá sọ àpò náà kalẹ̀. Èmi ni wọ́n kọjú sí. "Ìyàwó mi, ṣé o bímọ àbí o ò bímọ?"

Mo ní, "Mo bímọ, mà."

"Ó dáa. Ẹni tó bá bímọ la ń wẹ̀."

Wọ́n gbé ìkòkò omi kaná, wọ́n da ewé sí i. Nígbà tí wọ́n wọ balùwẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò há ẹ̀ka tó kù sí, wọ́n rí ṣáwà. "Irin tibí yìí ńkọ́, kí ló ń ṣe?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan, mà. "Ó ti ríṣẹ́ nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n sì so ewé mọ́ ọn. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu mi, ojú sì tì mí pé ẹ̀rín ṣì kù nínú mi.

Mo jókòó sórí àpótí, ooru bo gbogbo ibẹ̀. Màmá fi tówẹ̀lì tẹ ikùn mi, kò sì rí bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe sọ ọ́. Wọ́n rọra tẹ ọmú mi títí wàrà fi ń bá omi ṣàn lọ sínú ihò balùwẹ̀, mo sì sunkún bí ọmọdé. Wọn kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí pé, "Ta ló jọ?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi mí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà. Etí yín ló mú wá." Wọ́n ń bomi lé mi lẹ́yìn lọ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa imú.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ mí láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ tí à bá sọmọ lórúkọ, ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ wa. Ọkọ mi ti jáde láti òwúrọ̀ kùtù láìsọ ibi tó ń lọ. Màmá mú mi wọ balùwẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn wa, ohun tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀.

"Ìyàwó mi, ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo ti wo ilé kí ìròyìn tó dé bá mi. Orúkọ tó wà lẹ́nu mi yìí, mi ò lè gbé e padà sí Abẹ́òkúta."

Mo mọ̀ pé a kì í ṣe é. A kì í sọ ọmọ tí kò ké lórúkọ, àwọn tó gbé e lọ yóò sì bínú bí wọ́n bá gbọ́. Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbẹ́nu sí mi létí, wọ́n sì pe orúkọ náà. Èmi náà pè é. Wọ́n bu omi ewé, wọ́n dà á sí mi lórí, wọ́n ní kí n má sọ ọ́ fún baba ọmọ, kí n jẹ́ kó fi ọ̀nà tirẹ̀ gbé ẹrù tirẹ̀.

A ti bí obìnrin lẹ́yìn ìgbà náà. Màmá tún gbé àpò wọn wá, wọ́n wẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ sì pọ̀ débi pé a ò rántí gbogbo wọn tán. Onílé ti tún ẹ̀rọ omi ṣe, ṣáwà ti ń tu omi báyìí, bó tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́. Ewé ṣì ń bẹ lára rẹ̀. Nítorí ọ̀fìnkìn ni ọmọ mi rò pé a ṣe ń so ó, n kò sì tíì sọ ohun míì fún un.

Lọ́dún tó kọjá, a sin màmá sí Abẹ́òkúta. Àwọn èèyàn ní àgbà ló lọ, ká máa dúpẹ́. Mo sunkún ju àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ, wọ́n sì ń yìn mí pé ìyàwó rere ni mí. Wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo tó bá mi mọ orúkọ ọmọ mi ló ń wọlẹ̀ lọ yẹn. Kí a tó padà sí Èkó, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo fọwọ́ ara mi já ewé kún àpò.

Tí èyí tó wà lára ṣáwà bá ti gbẹ, mo máa ń so tútù mọ́ ọn. Màá wá ti ilẹ̀kùn, màá sì pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan.