Lẹ́ǹsì Àtijọ́ Tí Wọn Kò Fún Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ní láti gun àpótí kí n tó lè rí ojú pópó láti fèrèsé, yàrá iwájú ilé wa ní Kémta ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò bàbá àgbà wà. Bàbá tó bí màmá mi ni mò ń sọ. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé mo ti darúgbó. Kò tíì pẹ́ tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ayé tí mo fẹ́ sọ ti kọjá, ẹ̀yin kò sì bá a, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó sípò àgbà fún ìgbà díẹ̀.

Kámẹ́rà bàbá àgbà dúdú, ó wúwo. Irin àti gíláàsì ni lẹ́ǹsì rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń dá ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ yí òrùka iwájú lẹ́ǹsì náà díẹ̀díẹ̀ títí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ yà yóò fi hàn kedere. Lọ́sàn-án, bí kò bá sí oníbàárà, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fi páálí dí fèrèsé, wọ́n á sì gbé lẹ́ǹsì náà nìkan sí ojú ihò tí wọ́n dá sí páálí náà lára. Gbogbo pópó á wá yọ sára bébà funfun tí wọ́n bá gbé sí ọ̀kánkán rẹ̀: ènìyàn, ọ̀kadà, ewúrẹ́, gbogbo wọn doríkodò, ojú ọ̀run wà nísàlẹ̀. Àwa ọmọdé á máa pariwo.

Èmi ni mò ń gbé nílé yẹn. Èmi ni mò ń gbá ṣọ́ọ̀bù náà ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tí mò ń nu ara àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n màmá mi bí, Ìtòrí ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ìgbà ọlidé nìkan ló sì máa ń wá. Oṣù mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ. Síbẹ̀ òun ni wọ́n ń gbé lẹ́ǹsì lé lọ́wọ́ láti bá wọn mú un.

Lọ́jọ́ kan mo béèrè pé, “Bàbá, èmi náà ńkọ́?”

Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Wo ọwọ́ bí ẹni tó ń fọ abọ́. Òógùn yìí á wọ inú lẹ́ǹsì, á sì bu bíi búrẹ́dì.”

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. “Ọlọ́wọ́ omi!” ló pè mí. Orúkọ yẹn ò fi mí sílẹ̀ títí a fi jáde ìwé mẹ́fà.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: nígbà tí mo dàgbà, mo wádìí ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni. Ọ̀rinrin a máa mú kí nǹkan hù sára gíláàsì lẹ́ǹsì. Bàbá àgbà kò purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ jẹ́ òótọ́ kò ní kó má dun ni.

Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Wọ́n pe àwa méjèèjì, a sì kúnlẹ̀ níwájú wọn. “Mo fẹ́ràn ẹ̀yin méjèèjì,” wọ́n ní, “ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì kan ló wà.” Wọ́n gbé e lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Èmi náà dúpẹ́, bí ẹni pé wọ́n fún mi ní nǹkan. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, mo fi aṣọ nù ún gbẹ, mo gbé e sókè sí oòrùn. Kí n tó ka ogún, ó ti tún tutù. Ọdún yẹn kò parí kí bàbá àgbà tó papò dà.

Nígbà tí mo ríṣẹ́, Èkó ni ọ́fíìsì wa wà. Abẹ́òkúta ni mo ti ń lọ láràárọ̀, mo sì ń ya fọ́tò ní Sátidé. Mo fi owó oṣù ra kámẹ́rà tuntun àti lẹ́ǹsì tuntun tó ń fúnra rẹ̀ wá ojú ènìyàn. Fọ́tò mi mọ́ débi pé ẹ lè ka irun ìpéǹpéjú. Ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń ya fọ́tò nígbà yẹn. Ohun tí òun ṣe ni pé ó ra irin róbótó kan tó lè so lẹ́ǹsì bàbá àgbà mọ́ kámẹ́rà òde òní. Fọ́tò rẹ̀ kò rí bí ti ẹnikẹ́ni. Àárín rẹ̀ hàn, etí rẹ̀ rọra ń pòórá, ìmọ́lẹ̀ ń tàn ká bí oòrùn inú ọyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì púpọ̀ sí. Àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín ń ti Kọ́bapẹ́ wá a wá. Wọ́n á ní, “Ó dà bíi fọ́tò ìgbà àwọn màmá wa.” Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn débi pé ó ń ta mí létí.

Kò pẹ́ tí àwọn onífọ́tò mìíràn, àwọn tí kò ní bàbá àgbà onífọ́tò, bẹ̀rẹ̀ sí í ra lẹ́ǹsì tuntun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bíi ti àtijọ́, tí ènìyàn yóò máa fọwọ́ yí. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn oṣù méjì mo ra ọ̀kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà mo lọ yá lẹ́ǹsì ẹ̀gbọ́n mi fún ọjọ́ kan. Ó gbé e fún mi pẹ̀lú aṣọ ìnura. “Ọlọ́wọ́ omi, fi aṣọ dì í mú o.” Ó ń ṣeré ni, mo mọ̀. Mo fi lẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya ògiri kan náà, àga kan náà, wákàtí kan náà. Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè fi ojú wọ̀n, èyí tó ti gbó ló gbẹ̀yìn: etí rẹ̀ kò mọ́, ìmọ́lẹ̀ ń dà nù nínú rẹ̀, ó sì ń pẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe bíi tirẹ̀ sún mọ́ ọn gan-an. Inú mi dùn. Mo wá ya àwọn ará ọ́fíìsì wa pẹ̀lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi hàn wọ́n láìsọ èyí tó jẹ́ èwo. Ọ̀pọ̀ wọn ló mú ti lẹ́ǹsì bàbá àgbà. Mo bi ọ̀kan nínú wọn ní ìdí. Ó ní, “Ó kàn ní nǹkan kan lára.” N kò fẹ́ràn irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀. Mo dá lẹ́ǹsì padà fún ẹni tó ni ín, mo sì sọ fún un pé kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì.

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà, ìyàwó bàbá àgbà, ní àwọn fẹ́ fọ́tò ńlá kan tí a ó gbé kọ́ pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ pé kí èmi àti ọmọ tàwọn ya fọ́tò náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. “Èyí tí Màmá bá mú, ẹni tó yà á ni kó gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù.” Ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà ni wọ́n ń sọ, èyí tí a ti sọ di ibi tí a ń kó àga tó dá sí. Ẹ̀yin àbúrò mi, kò sí ohun tí mo fẹ́ tó kọ́kọ́rọ́ yẹn. Lẹ́ǹsì lè jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn, èmi ni mo gbá a.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ yà á. Ìyá àgbà jókòó sórí àga ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. “Ẹ má gé mi lẹ́sẹ̀ o,” wọ́n ní. “Ẹni tó bá rí fọ́tò mi, kó mọ̀ pé mo fi ẹsẹ̀ mi rìn dé ibi tí mo jókòó sí.”

Ẹ̀gbọ́n mi ń yí òrùka lẹ́ǹsì, ó ń yí i.

“Ṣé o ti yà á?”

“Rárá o, Màmá. Mo ṣì ń wá yín.”

“Níbo ni mo sọnù sí? Ṣebí iwájú rẹ ni mo wà!”

“Ẹ ti ń bọ̀, Màmá. Ẹ ti kọjá Ìtòrí.”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn fi mì. Nígbà tí ẹ̀rín náà ń rọlẹ̀ lójú wọn ni ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ ẹ́.

Ó kan èmi. Kámẹ́rà mi ti rí ojú wọn kí n tó gbé e dúró dáadáa. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, ó tán.

“Ó ti tán? Èmi ò tíì múra o!”

“Ó ti dáa, Màmá. Ó mọ́ kedere.”

“Kí ló mọ́ kedere? Imú tí mò ń fọwọ́ họ?”

Ẹyọ kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ wọn ti kúrò ní imú. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì. Ó dára. Ojú, aṣọ, ẹsẹ̀, kò sí èyí tí kò hàn. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n mo ti yọjú wo ti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn kámẹ́rà rẹ̀. Mo ti rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rọ̀ lójú ìyá àgbà. N kò lè fara dà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe fọ́tò mi kó lè dà bíi tirẹ̀. Mo mú etí rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, mo mú àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, mo wá lo irinṣẹ́ kan tó ń mú awọ ara rọ̀. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe, títí mo fi rò pé bàbá àgbà fúnra wọn kò ní mọ̀ pé kì í ṣe lẹ́ǹsì wọn ni mo lò. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe é, fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ni mo ní lọ́kàn. N kò rántí wo ojú ìyá àgbà.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a kó fọ́tò méjèèjì wá sí pálọ̀. Tèmi ni ìyá àgbà kọ́kọ́ gbé.

“Ta rèé?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Èmi kọ́.” Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n ń fi ìka wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ fọ́tò náà kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sórí ẹní. “Ilà mi dà?”

Ìgbà náà ni mo tó wò ó. Àbàjà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì ti lọ. Irinṣẹ́ yẹn ti kà á sí àpá, ó sì ti bá mi nù ún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń dán bíi ti ọmọge tó ń polówó ọṣẹ.

“Orí itan ìyá bàbá mi ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí olóòlà kọ ọ́,” ìyá àgbà ní. Ohùn wọn kò le. “Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ẹyin bẹ̀ mí. Òun ni wọ́n fi ń mọ ilé tí mo ti wá. Ìwọ wá pa á rẹ́.”

“Ẹ wo olóòlà ayé òde òní!” ẹ̀gbọ́n màmá mi ní. “Ti àtijọ́ ń kọ ọ́, tiwa ń nù ún!” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Wọ́n gbé tirẹ̀. “Ẹsẹ̀ mi rèé? Ó dà bí ẹni tó dúró sínú èéfín.” Mi ò ní tàn yín, ọkàn mi fò sókè. Ṣùgbọ́n ìka wọn ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilà náà wà níbẹ̀, ó jìn, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ rọ̀gbọ̀kú sínú rẹ̀, ìyókù ẹ̀rín sì wà lẹ́nu wọn. “Hẹn-ẹn,” wọ́n ní. “Èmi rèé.”

Mo yára sọ̀rọ̀. “Màmá, mo ní òmíràn lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí mi ò fọwọ́ kàn. Ilà yín wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ yín náà wà níbẹ̀.”

Wọ́n wò mí. “Kí ló wá dé tí kì í ṣe ìyẹn lo gbé wá?”

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí ìdáhùn náà kàn jókòó sí ọ̀kánkán mi. Ẹ̀gbọ́n màmá mi na kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ wọn.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, mo sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì. Mi ò lè búra pé fọ́tò tí mi ò fọwọ́ kàn ì bá borí. Ohun tí Màmá béèrè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò sí níbẹ̀, torí pé èmi kò fún wọn láyè láti rín in. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí àwọn ará ọ́fíìsì wa rí nìyẹn: lẹ́ǹsì tó ń pẹ́ máa ń fún ènìyàn ní àkókò láti dé ojú ara rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe lẹ́ǹsì. Èyí èkejì ni mi ò fẹ́ kó jẹ́ òótọ́.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin àbúrò mi. Ní ìgbà bàbá àgbà, kò sí ẹni tó ń wá fọ́tò tó dà bíi ti àtijọ́. Ẹni tó bá ya fọ́tò ń fẹ́ kó mọ́, kó tàn, kó jẹ́ tuntun. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tún ojú ṣe lára fọ́tò, pẹ́ńsù ṣóńṣó ni wọ́n ń lò, wọ́n á jókòó tì í fún ọ̀sán gbáko, wọn kò sì lè ṣàìmọ ojú ẹni tí wọ́n ń tún ṣe. Lónìí, àtijọ́ ti di ọjà tí wọ́n ń ṣe ní tuntun, ìka kan ṣoṣo sì tó láti mú ilé bàbá ènìyàn kúrò lójú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń wá ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, wọ́n sì ń dá ti lẹ́ǹsì rẹ̀ padà pé kò mọ́ tó. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n máa gbé kámẹ́rà mi wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé, pé yàrá náà gba àwa méjèèjì. Kò fi ṣeré, kò pè mí ní orúkọ kankan. Mo ti kọ èsì lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìkíní gùn jù, ìkejì dùn jù, ìkẹta jẹ́ irọ́. Ìkẹrin ni “Mo ń bọ̀.” Ó ṣì wà nínú fóònù mi, mi ò tíì fi í ránṣẹ́. Sátidé ku ọ̀la.